Àtàǹpàkò Mi àti Fọ́ọ̀mù Ojú Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ tẹ̀rín-tẹ̀yẹ. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé àga ọ́fíìsì tí o ní ó ń dùn ọ́ lẹ́yìn, wọ́n ti bá ọ pààrọ̀ rẹ̀? Àwa nílé wà láàyè, a ń sùn, a ń jí, a ń jẹ, a ń yó. Ọlọ́run tó fi ìpéǹpéjú bo ojú kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́. Wàá ṣiṣẹ́, wàá jèrè rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sí àyè, wọ́n á sún fún ọ kí o jókòó. Jọ̀ọ́, dáhùn àmín sókè kí o tó kà síwájú, bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ bá ń wò ọ́ kí wọ́n máa wò, torí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí dà bí ẹ̀wù tí a kò ṣẹ́ etí rẹ̀, títú ni yóò tú.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ìdí mi ò fara balẹ̀ lórí àga. Inú mi dùn débi pé lánàá mo rán ọrùn ẹ̀wù mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, oníbàárà sì dúró, ó ń wò mí, ó rò pé àrà tuntun ni. Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já, ayọ̀ ni. Díẹ̀díẹ̀ lo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ yìí lórí fóònù, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn ni káàdì mi máa ń tán, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àti pé ẹ̀bẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ orí fóònù máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, àmọ́ ti inú ìwé, o lè fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, o sì lè fi han àwọn ọmọ rẹ lọ́jọ́ iwájú pé bàbá àgbà àwọn bẹ̀bẹ̀ rí láyé.

Kí n kọ́kọ́ ro ìròyìn ilé. Máṣíìnì mi kékeré ti ń ṣiṣẹ́ padà, bẹ́líìtì rẹ̀ ló já. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti dákẹ́ jíjò látìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, láti orí ọgbọ̀n íǹṣì lọ sókè ló jẹ ẹ́, tó fi jẹ́ pé ní báyìí, ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá ju ọgbọ̀n lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, àwọn obìnrin kan sì ti ń bínú sí i. Aládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Báyìí-Kọ́ torí pé kò sí ohun tí èèyàn ṣe rí tí kò ní sọ pé báyìí kọ́, ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní bí o ṣe kọ àdírẹ́ẹ̀sì wa sẹ́yìn àpò ìwé tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, báyìí kọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní nìyí. Nígbà tí o wálé kẹ́yìn, o gun orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, o jókòó síbẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe ní kékeré, mo sì bi ọ́ pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀. O ní àwọn fọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn ń dáhùn ìbéèrè sí lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe é. Mo ní èwo ni tìẹ nínú rẹ̀. O ní lọ́sẹ̀ yẹn, àlàfo lò ń tún ṣe, àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn kan sí èkejì, pé ó há jù, ò ń fẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún rán ọ níwèé, mo ta máṣíìnì ńlá mi nítorí rẹ, o wá lọ ń tọ́jú ohun tí kò sí níbẹ̀! Mo ní ṣé wọ́n á tún gba èèyàn kan tí yóò máa ṣọ́ òkùnkùn ni. O sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, o bá ìyá rẹ lọ sẹ́yìn ilé. Mo rí i pé ojú rẹ yí padà, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Látìgbà náà, bí oníbàárà bá bi mí ní iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe, mo máa ń ní ó wà lọ́fíìsì kan tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́, màá sì yára bi wọ́n bóyá apá gígùn ni wọ́n fẹ́ tàbí apá kúkúrú. Mo jẹ̀bi. Mo jẹ̀bi pátápátá. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe fi hàn mí.

O mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú ìyá rẹ, ọ̀tún àti òsì, bí ìgbà tí èéfín bá bo gíláàsì àtùpà. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń bá mi ṣe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́, ihò bọ́tìnnì, etí aṣọ, ìkọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, kóòtù tí mo gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kí i kú àárọ̀, ó ní ìyàwó ńkọ́, ó tún ní kó jókòó. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú, mo mọ̀ ọ́n. Ojú lọba ara, ọba sì ti ń kúrò lórí oyè lójú wa.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣí sílẹ̀. Ó ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ṣí awọ funfun yẹn kúrò lójú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ogójì èèyàn péré, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn fọ́ọ̀mù lórí fóònù kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Lẹ́yìn ogójì, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún rántí wa, bóyá ọdún mẹ́ta, bóyá márùn-ún. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sórí fóònù mi, ó sì sáré lọ sílé ẹlòmíràn.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, mo dé fìlà, torí fọ́ọ̀mù dókítà kì í ṣe ohun tí à ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì dáhùn. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé fóònù lé e, mo kí i. Orúkọ ìyá rẹ, mo kọ ọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ọdún rẹ̀, ọgọ́ta lé méjì, ó wọlé. Ló bá kan àwọn ìbéèrè tó ní òdo róbótó róbótó níwájú ìdáhùn. Inú mi dùn, mo ní ihò bọ́tìnnì nìyí, a ti délé! Àmọ́ bí mo ṣe wò ó dáadáa, mo rí i pé ẹni tó gé ihò wọ̀nyẹn ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀tún, òsì, méjèèjì, kò sí, gbogbo wọn há mọ́ra wọn bí ọmọléèwé mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì èèyàn kan. O sì mọ àtàǹpàkò mi. Ogójì ọdún ló fi wà nínú ojú àlùmọ́gàjí, ó ti pẹlẹbẹ bí ṣíbí. Bí mo bá gbé e lé ìdáhùn kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wọ abẹ́ rẹ̀, àmì tó sì ń fi sínú òdo kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, èyí tí ó mú nínú wọn, Ọlọ́run ló yé.

Mo tẹ méjèèjì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni níbi tí wọ́n ti ní ṣé ó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo tẹ ọkọ níbi tí wọ́n ti ní kí ni mo jẹ́ sí i. Ó kọ ẹ ṣeun jáde lójú fóònù, mo ṣí fìlà, mo ní kò tọ́pẹ́. Mo lọ bá ìyá rẹ, mo ní ó ti parí, kó máa múra. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra lóòótọ́, ó ní kí n bá òun wá bàtà òun tó bo ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì dé. Kò jókòó. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé èmi àti ìyá ń jà ni. Mo ní rárá o. Ó wá ka ohun tí mo fi ránṣẹ́: pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a dáhùn, ọmọ náà ní kò sí ohun tó ń ṣe ojú ìyá òun, àti pé bó bá tilẹ̀ wà, ìyá òun kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ní orí fóònù bàbá ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó ní a lè tún dáhùn, àmọ́ àyè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti lọ nínú ogójì, ọ̀túnla sì ni ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ kò pariwo, kò bú mi. Ó wọ yàrá lọ, mo yọjú wò ó, ó ń ká aṣọ tí a ti ká tẹ́lẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ọmọ mi, ó dùn mí ju bí ẹni pé ó la nǹkan mọ́ mi lórí lọ.

Mo dá gbogbo ọgbọ́n. Mo gé èékánná. Mo rò ó pé àtàǹpàkò ló tóbi, kí n wá ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ni mo bá mú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tó kéré jù nínú àpótí, mo gún bẹ́ẹ̀ ni gan-an láàárín méjì. Fóònù kò dá mi lóhùn, abẹ́rẹ́ kàn fi àpá sí i lójú ni. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo fàlà sí ìdáhùn tí mo fẹ́, fóònù kò mọ ṣọ́ọ̀kì. Báyìí-Kọ́ gbọ́, ó wá, ó ní báyìí kọ́, ó wọ gíláàsì méjì léra, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìgboyà, a sì bá ara wa tí à ń pe àbúrò ìyá rẹ tí a kò tíì bá sọ̀rọ̀ látọdún tó kọjá. A kí i, a bẹ̀ ẹ́, ìjà yẹn ti parí, ìyẹn náà ọpẹ́ ni.

Ìyá rẹ ló wá ní kí a jọ ṣe é. Ìka tirẹ̀ tín-ín-rín, àmọ́ kò ríran, èmi ríran, ìka mi sì dà bí ìka ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní sókè díẹ̀, ó lọ sókè jù, mo ní sísàlẹ̀, ó ní ṣé òun ni máṣíìnì tí mò ń wà ni. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ọmọ mi. Nígbà tí a fi máa parí, fọ́ọ̀mù ní ojú kan ló ń dùn ún, ó sì ní ó lóyún. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé méjì! Ọpẹ́lọpẹ́ pé ṣáàjì tán lórí fóònù kí a tó fi ránṣẹ́, à bá wà lẹ́nu ayé.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé mo pariwo. Mo ní kí o bá mi wá ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn jáde, kí n fi íǹṣì mẹ́fà ìgbátí wọ̀n ọ́n. O ní kí nọ́ọ̀sì fi í ránṣẹ́ sí ọ. O wò ó títí, mo ń sọ hẹ́lò hẹ́lò. O wá ní bàbá, ọ́fíìsì tiwa ló ṣe é. O ní orí kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tí èèyàn ti ń fi ọfà kékeré kan yan ìdáhùn, kò sẹ́ni tó ronú kan àtàǹpàkò. O ní kí n fún ọ ní wákàtí kan. Mo ní kí lo fẹ́ ṣe. O ní ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù wà lọ́tọ̀, aṣọ tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń wọṣọ fún un nínú kọ̀ǹpútà ló ń jẹ́ Sí-Ẹ́sì-Ẹ́sì. O ní o ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ dókítà rárá, Sí-Ẹ́sì-Ẹ́sì nìkan ni wàá sọ fún: ìwọ̀n àyè tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò ní nínú aṣọ rẹ̀ kó má fún un, àti ìwọ̀n àlàfo tí yóò wà níta láàárín òun àti ìkejì rẹ̀.

Ọmọ mi, mo dìde dúró. Kí ni télọ̀ ń ṣe tó ju ìyẹn lọ? Ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ yìí, kí ni mò ń rán bí kò ṣe àlàfo? Ẹ̀wù tí kò ní àlàfo nínú, awọ ara ni. Ìwọ lo ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ láti ìgbà yìí wá, èmi ni mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́! Ó ṣe mí bí ẹni tó bú ara rẹ̀ nínú dígí. O bi mí pé àlàfo náà, kó tó báwo. Mo ní kó tó àtàǹpàkò. O ní àtàǹpàkò ta ni. Mo ní tèmi, èwo ló tún kù. Mo fi ìyókù téèpù wọ̀n ọ́n fún ọ lójú ẹsẹ̀, íǹṣì kan ó dín díẹ̀. O ní ẹ̀yin kì í fi íǹṣì wọ̀n ọ́n níbẹ̀, pé àmì wẹ́wẹ́ kan lẹ̀ ń lò tí kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Mo fẹ́ rí téèpù yẹn o.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti fóònù. Mo ti rò ó pé màá máa gbọ́ ìró wọn bí wọ́n bá ti ń sún ìdáhùn kiri nínú rẹ̀, ni mo bá gbé etí lé e. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní ọ̀gá Sí-Ẹ́sì-Ẹ́sì yìí mọ iṣẹ́, kì í pariwo. Nígbà tí o pè padà, o ní kí n pa fọ́ọ̀mù náà dé, kí n tún un ṣí. Mo ṣí i.

Yéè! Ọmọ mi! Gbogbo wọn ti jìnnà síra! Ọ̀tún wà láyè ara rẹ̀, òsì wà láyè ara rẹ̀, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí ìgbà tí èèyàn bá rán etí sí i, àlàfo funfun wà láàárín wọn tí ẹṣin lè gbà kọjá. Mo gbé àtàǹpàkò lé ọ̀kan, ọ̀kan péré ló mú. Mo tẹ ọ̀rọ̀ dípò òdo, ó gbà. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ níbi tí kò sí nǹkan rárá, ó gbà! Ohun tí kò sí níbẹ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́! Mo ké débi pé mẹkáníìkì iwájú ilé wa sáré wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó rò pé olè ló wọlé.

Ìyá rẹ ní kí ló dé, mo sọ fún un. Ó ní kí n gbé e wá. Ó gbé fóònù sún mọ́ imú rẹ̀, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó pẹ́. Ó ní òun kò rí ọ̀rọ̀ o, àmọ́ òun rí igi dúdú mẹ́rin, òun rí funfun láàárín wọn. Ó ní kí n ka ìbéèrè fún òun kí n sì gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí. Mo ka ojú wo, mo ka ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra, ó ka igi dé ẹ̀kẹta, ó tẹ méjèèjì. Mo ka ṣé o gbà, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ka ṣé o lóyún, ó kọ́kọ́ pòṣé kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọmọ mi, fúnra rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé èmi ni mo ń bá a wá bàtà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ka orúkọ ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá rẹ ni ẹni kejìdínlógójì.

Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó wá gba aṣọ, mo sọ fún un kó tó san owó, ẹni tí kò wá gba nǹkan kan, mo dá a dúró lójú ọ̀nà. Mo ní ọmọ mi ló ń fi àlàfo sáàárín ìdáhùn, kò sí irú rẹ̀. Mo sì rò ó pé bí ó ṣe rí fún èmi ló máa rí fún ẹlòmíràn, ni mo bá yá páàdì íǹkì lọ́wọ́ Báyìí-Kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtàǹpàkò àwọn èèyàn sórí ìwé. Mẹ́tàlélógún ló wà nínú àpò ìwé yìí, mo kọ iṣẹ́ oníkálukú sábẹ́ tirẹ̀. Èyí tó gba ojú ìwé méjì yẹn, bíríkìlà ni, kì í ṣe pé íǹkì dà. Èyí tó wọ́, Báyìí-Kọ́ ni, ó ní bí mo ṣe ní kí òun tẹ̀ ẹ́, báyìí kọ́. Fi gbogbo rẹ̀ han Sí-Ẹ́sì-Ẹ́sì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú rẹ̀. Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù kankan síta, kí ẹ gbé e lé ti bíríkìlà wò. Bó bá gba bíríkìlà, ó gba gbogbo ayé.

Wọ́n ti ṣe ojú náà, ìyẹn lo mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣí báńdéèjì. Yàrá kan tó gùn ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá mẹ́wàá lápá méjèèjì, fèrèsé gíga, òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù kọ́là yẹn, mo ṣí fìlà mi torí nọ́ọ̀sì ní kí n ṣí i, mo dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì kó lè jẹ́ pé èmi ni yóò kọ́kọ́ rí. Dókítà tú u díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ ṣẹ́jú. Ó wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ti múra ohun tí màá dáhùn bó bá ní mo ṣeun. Ó wò mí títí, ó wá ní ta ló da ìyẹ̀fun sí mi lórí.

Mo ní irun mi ni. Ó ní gbogbo rẹ̀? Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wá, mo tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ ra á, ó tún ra á bóyá yóò yọ, ó ní nígbà wo ló ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Mo ní àárín ọdún mẹ́ta yẹn ni. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú dókítà, lójú ogún èèyàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò sì tijú láti kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti ṣáfẹ́ẹ́rí mi tó bẹ́ẹ̀, èmi tí mo wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí nítorí ẹ̀rín yẹn. Iṣẹ́ rẹ tóbi ju tèmi lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n orí Sí-Ẹ́sì-Ẹ́sì, mo fẹ́ rán fìlà fún un, má sọ fún un, kó bá a lójijì. Ìkejì, téèpù alámì wẹ́wẹ́ yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta, owó díẹ̀ fún òwú àti dátà, ohun tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, má yáwó nítorí wa. Ẹ̀kẹrin, èyí tó jẹ́ àṣírí láàárín èmi àti ìwọ: bá mi ra dáì dúdú tí wọ́n fi ń pa irun láró, ìgò kan tó. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ rí mi bí ó ṣe fi mí sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bò. Dì í sínú aṣọ, má jẹ́ kó mọ̀.

Dúró ná.

Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi. N kò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Ó ní kí n fa igi lé ọ̀rọ̀ dáì yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ wo, ó ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, láti orí àkọ́kọ́ dé orí ẹ̀kẹrin, kò sì fo ẹyọ kan. Ó ní bí o bá fi dáì ránṣẹ́ òun á dà á nù, pé òun kò tíì wo funfun náà tẹ́rùn. Ó tún ní ọwọ́ ìwé mi burú, ọ̀rọ̀ mi há mọ́ra wọn, kí n máa fi àlàfo sí i fún ẹni tó fẹ́ kà á.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí o rántí àtàǹpàkò ẹni tí o kò rí, yóò rántí ọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ọ. Ìyá rẹ ti ṣe àmín kí n tó kọ ọ́ tán.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀,
àti ìyá rẹ, tó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.